Ìyá Ọmọ Náà Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀bi tiwa wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ná.

Mẹ́ńbà wa kan wà ní ìsọ̀ ẹlẹ́ja tí kì í wá sí mítìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta la bu owó ìtanràn lé e. Àwọn kan nínú wa ní ìgbéraga ló ń ṣe é. Nígbà tó yá, a rán èèyàn mẹ́ta lọ gba owó náà nílé ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè dárúkọ owó. Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àná. Ọmọkùnrin ẹ̀, ọmọ ọdún 6, ń to ọmọrí ìkòkò sí ìlà kan, ó ń tú u ká, ó tún ń tò ó. Ìyá ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mi ò tíì sùn mọ́jú. Nígbà mìíì ó máa ń ṣe mí bíi kí n sùn kí n má jí mọ́."

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Òun fúnra ẹ̀ ló ní ká kọ ọ́, ká ṣáà má dárúkọ òun.

Ohun tó ń ṣe ọmọ náà ni àwọn dókítà ń pè ní ọ́tísímù. Ẹ lè pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó má dáhùn, kó má wo yín lójú, kí ọ̀rọ̀ pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ alọta lè mú kó di etí kó máa ké. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀run, kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe rí nìyẹn látìgbà ọmọdé. Kò sí oògùn tó ń mú un kúrò, ṣùgbọ́n bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ó ń ràn án lọ́wọ́.

Kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Ọdún 1943 ni Dókítà Leo Kanner kọ̀wé nípa ọmọ 11 tó rí báyìí ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ kan sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ ló ń fà á. Ọdún 1964 ni Bernard Rimland, tí òun náà bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kọ ìwé tó ta ko ọ̀rọ̀ náà. Bí àwọn tó kàwé bá lè ṣìnà, àwa náà lè ṣìnà. Ká má ṣáà dúró síbẹ̀.

Ìyá ńkọ́? Tí kò bá rí oorun sùn, tí oúnjẹ ò wù ú, tí ọjà sú u, tó ń sunkún láìnídìí, àìsàn nìyẹn, ó sì ní ìtọ́jú. Tó bá ti ní ikú wu òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ ní Aró l'Abẹ́òkúta, ní Yábàá l'Ékòó àti ní UCH n'Ìbàdàn.

Ní Aró yẹn, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lambo ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé ìtòsí, kí ìbátan wọn kan wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé èèyàn laṣọ èèyàn.

Àwa náà ti wọ́gi lé owó ìtanràn. Ẹnìkan sìn ín lọ rí dókítà. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, àwọn méjì ń bá a mú ọmọ lọ́wọ́ kó lè sùn. Ọmọ náà ò tíì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá ti ń jẹun.

Ní mítìn tó kọjá, ó mú ọmọ ẹ̀ dání wá. Ọmọ náà to gbogbo kóńgò wa sí ìlà kan láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Ẹ bojú wo ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ yín. Tí ẹ bá ti béèrè ọmọ, ẹ béèrè ìyá náà.