Àgbàrá, Onílé àti Arọ: Òwe Méjì lórí Ìmúrasílẹ̀ fún Omíyalé ní Ìbàdàn

Ìfáárà

Bí Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ ewu tí ń bọ̀, òwe méjì kì í pẹ́ jẹ yọ. Èkíní ni: "Àgbàrá òjò kò lóun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un." Èkejì ni: "Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n." Wọ́n ti di ọ̀rọ̀ tí a fi ń ki ara wa láyà débi pé a kì í sábà bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń sọ gan-an. Iṣẹ́ yìí gbé òwe méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn omíyalé ní ìlú Ìbàdàn. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé òwe kìíní ń sọ ẹni tí ẹrù ìmúrasílẹ̀ wà léjìká rẹ̀, nígbà tí èkejì ń sọ ẹni tí a gbọ́dọ̀ fi wọn ìmúrasílẹ̀ náà. Àdúgbò tí ó bá mú ọ̀kan, tí ó sì fi èkejì sílẹ̀, kò tíì múra.

Omíyalé: ọ̀rọ̀ náà àti ìtàn rẹ̀

Ìlú orí òkè ni Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àárín àwọn òkè náà ni omi ń gbà. Odò Ọ̀nà, Ògùnpa àti Ògbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìṣàn kéékèèké bíi Kúdẹtì, ni ó ń kó omi òjò ìlú náà lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ 1980, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ọkọ̀ àti ọjà lọ. Òkú tí wọ́n rí kó nìkan lé ní 200. Ní ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù Kẹjọ 2011, òjò tí ó lé ní 180 mìlímítà rọ̀ láàrin nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Omi Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n sé sórí odò Ọ̀nà, kún àkúnya. Afárá wó, ẹ̀mí tí ó ju 100 lọ sì ṣòfò. Oṣù Kẹjọ jẹ́ oṣù tí òjò sábà máa ń dẹwọ́ díẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, ìparí oṣù náà ni ìjàǹbá méjèèjì bọ́ sí.

Orúkọ tí àwọn ará ìlú fún irú ìjàǹbá yìí yẹ fún àyẹ̀wò. Omi, yà àti ilé ni a rí nínú omíyalé. Yà ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò fún àlejò tí ó ń lọ síbi tirẹ̀, tí ó kàn yà kí ènìyàn lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà gbà, nígbà náà, pé omi ní ọ̀nà tirẹ̀, àti pé ó kúrò lójú ọ̀nà ni ó fi dé ilé. Lójú ìtàn Ìbàdàn, òdìkejì rẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́ òótọ́: ilé ni ó yà sójú ọ̀nà omi. A kọ́lé sétí odò, a da pàǹtírí sójú ìṣàn, nígbà tí omi sì padà wá gba ọ̀nà rẹ̀, a pè é ní àlejò àìròtẹ́lẹ̀.

Ta ni onílé?

Òwe kìíní kò gbàdúrà pé kí òjò má rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fojú kéré agbára àgbàrá. Ó gbà pé àgbàrá yóò ṣe tirẹ̀; tonílé ni ó kù. Ṣùgbọ́n ta ni onílé? Ní agbo ilé àtijọ́, ìdáhùn náà kò ṣòro. Mógàjí ni olórí agbo ilé ní Ìbàdàn, ará ilé mọ ẹni tí yóò ké sí, ọ̀wẹ̀ sì wà fún iṣẹ́ tí ó bá ju agbára ẹnì kan lọ. Lóde òní, onílé lè máa gbé ní ìlú mìíràn, kí ó jẹ́ pé ayálégbé ni omi yóò bá nílé. Ayálégbé kò láṣẹ láti la gọ́tà tàbí láti gbé ògiri ró. Ẹni tí ó sì láṣẹ kò sí níbẹ̀ lóru tí omi dé. Yàtọ̀ sí èyí, àgbàrá kò mọ ààlà. Pàǹtírí tí ẹni òkè dà sí gọ́tà ni yóò dí ẹnu afárá fún ẹni ìsàlẹ̀. Onílé kan ṣoṣo kò lè sọ pé òun kò gbà fún irú omi bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, onílé inú òwe yìí ti di àdúgbò. Ẹgbẹ́ onílé tí ó lè dá owó tíráńsífọ́mà, tí ó sì ń sanwó ọdẹ lóṣooṣù, ní ètò tí ó fi lè dáwó gọ́tà. Ohun tí ó kù ni kí ó jẹ́ kí ayálégbé jókòó nínú ìpàdé, kí ó ṣe ọ̀wẹ̀ gọ́tà lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì kó ẹrẹ̀ tí a bá wà jáde kúrò létí gọ́tà lójú ẹsẹ̀, nítorí òjò àkọ́kọ́ ni yóò dá a padà sínú rẹ̀.

Èyí kò yọ ìjọba sílẹ̀. Wọ́n fi kọnkéré ṣe ojú ìṣàn fún Ògùnpa lẹ́yìn ọdún 1980. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Kò sí àdúgbò tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ṣàkóso omi tí a sé, tàbí dá ẹni tí ń kọ́lé sétí odò dúró. Ẹni tí ó bá fi òwe kìíní di gbogbo ẹ̀bi ru ará àdúgbò ti ṣi òwe lò. Ṣùgbọ́n ojú ìṣàn oníkọnkéré kò lè gbá gọ́tà ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni.

Arọ tí ó gbọ́n

Arọ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó le létí lónìí, kò sì yẹ kí a máa fi pe ènìyàn. Bí òwe ṣe lò ó ni a fi í sílẹ̀ níhìn-ín. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé òwe náà kò sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa ẹni tí ó lè sáré. Ẹni tí kò lè sá ni ó fi ṣe òdiwọ̀n. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá nílò ìṣẹ́jú márùn-ún láti dé orí òkè, tí ìyá àgbà tí ń fi ọ̀pá rìn sì nílò ọgbọ̀n, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ fi ṣáájú omi.

Òwe náà tún ya àsọtẹ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àgbọ́tẹ́lẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ojú ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ odò ní Nàìjíríà máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò àti omíyalé jáde. Títí ìkìlọ̀ náà yóò fi dé etí ẹni tí ń gbé ìsàlẹ̀ odò, ní èdè tí ó yé e, a ti sọ ọ́, a kò tíì gbọ́ ọ. Mìlímítà kò sọ nǹkan kan fún ìyá aláta. Òdiwọ̀n ara ni ó yé gbogbo ènìyàn. Omi tí ń sáré, tí kò ga ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ, ìyẹn díẹ̀ lókè kókósẹ̀, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Èyí tí ó bá dé 60 sẹ̀ǹtímítà, tí ó kọjá orúnkún, lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ. Àdúgbò lè fi ọ̀dà sàmì sára òpó afárá, kí ó sì fi ẹnu kò pé nígbà tí omi bá dé àmì náà, ọdẹ yóò lu agogo ní ìlù tí ó yàtọ̀ sí ti olè.

Ọgbọ́n ni ó kẹ́yìn nínú òwe, inú ilé ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Kí ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìbí àti ti ilé-ìwé wà nínú ọ̀rá tí a dì pinpin, pẹ̀lú oògùn ẹni tí ń lo oògùn lójoojúmọ́, tọ́ọ̀ṣì àti omi mímu. Kí gbogbo ará ilé mọ bí a ti ń pa iná mànàmáná láti ìdí mítà kí omi tó wọlé, kí wọ́n mọ nọ́ńbà 112, kí wọ́n sì mọ ibi gíga tí wọn yóò ti pàdé. Kí ẹnikẹ́ni má padà nítorí ẹrù. Lẹ́yìn tí omi bá fà, kí a má mu omi kànga tí àgbàrá wọ̀ láìsè é, torí àrùn onígbáméjì a máa tẹ̀lé omíyalé.

Ìgúnlẹ̀

Òwe kìíní béèrè àdúgbò tí yóò kọ̀ fún àgbàrá. Èkejì béèrè pé kí àdúgbò náà ka ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ falẹ̀ jù kún kí omi tó dé. Ìdánwò ìmúrasílẹ̀ kò ju èyí lọ: ní oṣù Kejì, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, kí a lọ bá ẹni tí kò lè dá rìn ní àdúgbò, kí a bi í pé ta ni yóò wá gbé e lóru òjò, àti pé ibo ni yóò gbé e lọ. Bí ó bá lè dárúkọ ènìyàn kan àti ibì kan, ogun náà ti di àgbọ́tẹ́lẹ̀. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, iye ìpàdé tí a ti ṣe kò tíì kàn án.