"Èló lẹ máa san?" Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́ ń gbé mì

Bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bá ti fẹ́ẹ́ parí, ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sábà máa ń bi ọ̀dọ́ tó jókòó síwájú wọn: "Ṣé ìwọ náà ní ohun tó o fẹ́ẹ́ bi wá?" Ọ̀pọ̀ ló máa ń dáhùn pé, "Rárá, sà." Bẹ́ẹ̀ irọ́ ni. Ẹni tó jí láago mẹ́rin ìdájí n'Íkòròdú, tó wọ ọkọ̀ mẹ́ta kó tó dé Victoria Island, ìbéèrè kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á pé bí òun bá la ẹnu, wọ́n á ní ojú owó ló ń wò, wọ́n á sì pe ẹlòmíì wọlé.

Owó ni ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ìkéde iṣẹ́ ni kì í dárúkọ iye kankan. "Owó tó jọjú" ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀. Àwọn agbanisíṣẹ́ ní ìdí tiwọn o: wọn kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ mọ iye tí wọ́n fẹ́ẹ́ fún ẹni tuntun, wọ́n sì fẹ́ẹ́ ráyè dúnàádúrà. Ṣùgbọ́n agbára wo ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrúùlú ní láti fi dúnàádúrà? Láti ọdún 2025, 77,000 náírà ni ìjọba àpapọ̀ ń san fún àgùnbánirọ̀ lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ọdún 2024 là sílẹ̀ jẹ́ 70,000, ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 kò sì sí lábẹ́ òfin náà. Ẹni tó ríṣẹ́ lè wá máa gba owó tó kéré sí èyí tó ń gbà kó tó ríṣẹ́. Ta ni kò ní í fẹ́ẹ́ mọ̀ tẹ́lẹ̀?

Iye tó wà nínú lẹ́tà kọ́ ló sì máa ń dé báǹkì. Bí wọ́n bá kọ 120,000, owó ìfẹ̀yìntì, tí í ṣe ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, lè mú 9,600 kúrò. Ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ fi ìdá mẹ́wàá tirẹ̀ kún un, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2014 ṣe wí. Àwọn kan ń yọ tòṣìṣẹ́, wọn kì í san tiwọn. Ó yẹ kéèyàn bèèrè.

Ìbéèrè kejì ni pé, ta ni ọ̀gá mi gan-an? Èyí wọ́pọ̀ ní báǹkì. Ọmọ á wọṣọ báǹkì, á jókòó sídìí owó, àmọ́ ilé-iṣẹ́ alágbàtà kan ló fún un ní lẹ́tà. Owó rẹ̀ kì í dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó jókòó tì í, ìgbéga rẹ̀ kò sì dájú. Nígbà míì, ọjọ́ tó fẹ́ẹ́ tọwọ́ bọ̀wé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń mọ̀.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé: irú iṣẹ́, owó, wákàtí, ìsinmi àti bí wọ́n ṣe lè pínyà. Akọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni òfin náà wà fún; kò ka àwọn alákòóso àti onímọ̀ iṣẹ́ kún un, nítorí náà kí irú wọn fojú sí lẹ́tà wọn dáadáa. Lábẹ́ òfin yìí kan náà, ẹni tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan péré ni ìkìlọ̀ tó tọ́ sí i kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Ẹni tó fẹ́ẹ́ sanwó ilé ọdún kan nítorí iṣẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ mọ èyí.

Ní ti àwọn tó ń gba owó fọ́ọ̀mù, a kò gbàgbé oṣù kẹta ọdún 2014, tí àjọ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de gba 1,000 náírà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí àwọn tó lé ní 15 sì kú sínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ l'Ábùjá àti láwọn ìlú míì.

Ìgbà tí wọ́n bá ti ní àwọn fẹ́ẹ́ gbà yín ló dáa jù láti béèrè owó, kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe ń wọlé. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, pé ìwé ń bọ̀, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa ka oṣù mẹ́ta.