Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Orúkọ Àrùn àti Ìwádìí Àwọn Onímọ̀ Ìṣègùn

Ẹnu lè ya àwọn kan pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí àrùn. Ṣùgbọ́n àrùn kì í wà láàrin ènìyàn láìní orúkọ, ọ̀rọ̀ orúkọ sì kan iṣẹ́ tiwa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni Yorùbá ń pe àrùn tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí. Èrò mi ni pé orúkọ náà ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, àti pé ìwádìí ni ó tú ohun tí ó fi pamọ́ sí gbangba.

Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ru. Òkun a máa ru. Odò tí ó kún a máa ru. Ohunkóhun tí ó bá ń ru, ojú a rí i, etí a sì gbọ́ ariwo rẹ̀. Nítorí náà ni ẹni tí a bá sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ṣe máa ń retí pé kí àyà òun máa lù kì-kì-kì, kí orí máa fọ́ òun, kí ara sì máa gbóná. Bí kò bá rí èyíkéyìí nínú wọn, a ní ara òun ti yá, a sì pa oògùn tì. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn náà sábà máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ohun tí ń ru nínú ẹ̀jẹ̀. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan tí ó ń gbà kọjá ni ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Iye méjì ni a fi ń wọ̀n ọ́n: ti òkè nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀, ti ìsàlẹ̀ nígbà tí ó bá sinmi. Bí a bá ń rí 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ léraléra, ọ̀pọ̀ dókítà yóò sọ pé ó ti ga.

Kí ni ó wá ń ṣe nínú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀? Ó ń lu ògiri iṣan tọ̀sán-tòru. Iṣan yóò nípọn, yóò le, ihò inú rẹ̀ yóò sì fún. Ọkàn tí ń fi gbogbo agbára ti ẹ̀jẹ̀ yóò ki bí apá alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n kíki yìí kì í ṣe ti àlàáfíà, nítorí níkẹyìn yóò rẹ̀ ẹ́. Àwọn iṣan wẹ́wẹ́ inú kíndìnrín yóò bàjẹ́ títí kíndìnrín kò fi ní lè sẹ́ ìdọ̀tí ara mọ́. Ojú náà kò yọ sílẹ̀. Bí iṣan inú ọpọlọ bá sì bẹ́, tàbí tí ó dí, rọpárọsẹ̀ dé. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni rọpárọsẹ̀ ń dé, ṣùgbọ́n ó lè ti wà lójú ọ̀nà fún ogún ọdún. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kò rí i ní gbogbo àkókò yẹn, ó rọrùn láti wí pé ọ̀tá ni ó ta ènìyàn náà lọ́fà.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni orúkọ ṣì lọ́nà. Àwọn oníṣègùn òyìnbó pàápàá fún un ní orúkọ kan tí àwọn mìíràn nínú wọn túmọ̀ sí pé kòṣeémánìí ni, pé ara ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá nínú iṣan líle. Ní 1931, Paul Dudley White, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ìmọ̀ àrùn ọkàn ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé pé ó lè jẹ́ ọ̀nà tí ara ń gbà ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, tí kò yẹ kí a fọwọ́ kàn. Àkókò irú èrò yìí, tí oògùn tí ó múná kò sì tíì sí, ni àrùn náà mú Ààrẹ Franklin Roosevelt. Ní oṣù kẹta 1944, iye tirẹ̀ jẹ́ 186 lórí 108. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹrin, 1945, orí fọ́ ọ gidigidi. Nígbà tí wọn yóò fi wọ̀n ọ́n, ó ti di 300 lórí 190. Ọjọ́ náà gan-an ni ó kú.

Ìwádìí ni ó lé èrò yìí lọ. Ní 1948, ní ìlú Framingham ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ ìlera ọkùnrin àti obìnrin 5,209 ní ọdún méjì-méjì. Ó sì hàn pé bí iye náà ti ń ga sí i ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní 1967 ni Edward Freis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ lórí ọkùnrin 143 tí iye ìsàlẹ̀ wọn wà láàrin 115 sí 129. Wọ́n fún 73 ní oògùn gidi, wọ́n fún 70 ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Jàǹbá ńlá 27 ni ó bá àwọn tí kò gba oògùn. 2 péré ni ó bá àwọn tí ó gbà á. Èmi tí ọ̀rọ̀ jẹ́ iṣẹ́ mi, n kò mọ gbólóhùn tí ó lágbára tó iye méjì yìí.

Èrò kan ṣì kù, èyí tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: pé àrùn àwọ̀ dúdú ni, pé a bí i mọ́ wa. Richard Cooper àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ènìyàn dúdú tí ó lé ní 10,000, ní Ìbàdàn àti Igbó-Ọrà níhìn-ín, ní Cameroon, ní àwọn erékùṣù Caribbean, àti nítòsí Chicago. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997 ni pé àrùn náà wà lára ènìyàn 16 nínú 100 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Caribbean, 33 ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń gbé, iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ àti bí ara wọn ti sanra tó kò dọ́gba. Nígbà tí wọ́n fi àwọn aláwọ̀ funfun kún un ní 2005, Nàìjíríà ní 14 nínú 100, àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní 44, Jámánì ní 55. Ṣé àwọ̀ dúdú ni ti àwọn ará Jámánì ni?

Síbẹ̀, oògùn tí ó bá òyìnbó lára mu lè má bá wa mu bákan náà. Nítorí èyí ni wọ́n fi ṣe ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, lórí adúláwọ̀ 728 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́fà, tí Nàìjíríà wà lára wọn. Oògùn méjì-méjì ni wọ́n ń fún wọn pọ̀, àpapọ̀ tí amlodipine bá sì wà nínú rẹ̀ ni ó ṣiṣẹ́ jù. Ojoojúmọ́ ni ènìyàn ń lò ó, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ń lò ó lè má mọ̀ ọ́n lára rárá pé ohunkóhun yí padà. Ojú ẹ̀rọ tí a dè mọ́ ọn lápá ni yóò ti rí i.