Gáùn onítéèpù: kí ló ń mú un dúró lára?

Àwọn fọ́tò náà tún ti gba orí ẹ̀rọ ayélujára kan: ọmọ girama nínú gáùn gbọọrọ tó ń dán yanranyanran, òmíràn nínú súùtù tó ní kọ́là àti bọ́tìnnì, téèpù sì ni gbogbo rẹ̀ láti ọrùn dé ilẹ̀. Ìdíje Stuck at Prom ni, èyí tí ilé-iṣẹ́ Duck tó ń ṣe téèpù ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe láti ọdún 2001 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Aṣọ prom, ìyẹn ijó alẹ́ ìparí girama, ni wọ́n ń fi duct tape ṣe, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ sì ni ẹ̀bùn rẹ̀. Iye owó yẹn ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè. Èmi ní ìbéèrè mìíràn ṣáájú rẹ̀: kí ló dé tí aṣọ téèpù kì í tú ká mọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ lára lójú agbo ijó?

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ohun tó wà lẹ́yìn téèpù máa ń gbẹ mọ́ nǹkan, bíi gúlúù káfíńtà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gúlúù káfíńtà gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó ṣiṣẹ́. Ti téèpù kì í gbẹ láéláé, àìgbẹ yẹn gan-an sì ni agbára rẹ̀. Àtè tí àwọn apẹyẹ máa ń fi sórí ẹ̀ka igi ni kí ẹ fi ṣàpèjúwe rẹ̀: ó wà níbẹ̀ ní rírọ̀, ó ń dúró de ẹsẹ̀ tí yóò tẹ̀ ẹ́.

Ìpele mẹ́ta ni duct tape ní. Òkè rẹ̀ jẹ́ polyethylene, irú ọ̀rá tí wọ́n fi ń ṣe àpò ìkó-ọjà, òun ni kì í jẹ́ kí omi wọlé. Àárín ni aṣọ kan wà tí ìhun rẹ̀ ṣí bí àwọ̀n, òun ló ń jẹ́ kí téèpù náà yi, síbẹ̀ kí èèyàn lè fọwọ́ lásán ya á tààrà láìwá àlùmọ́gàjí. Ìsàlẹ̀ ni àtè náà: rọ́bà tí wọ́n po oje mọ́. Rọ́bà ni kì í jẹ́ kó tètè já. Oje ló ń jẹ́ kó lẹ̀. Bí o bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan, á ṣàn díẹ̀, á wọnú àwọn kòtò kéékèèké tí ojú wa kò lè rí lára nǹkan náà. Níbi tí àwọn méjèèjì ti fara kan ara wọn, mólékù tibí á máa fa mólékù tọ̀hún. Agbára ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kò tó nǹkan, àmọ́ wọn ò lóǹkà.

Bí eruku bá wà láàárín, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ní December 1972, nígbà tí Eugene Cernan wà lójú òṣùpá nínú ìrìn-àjò Apollo 17, òòlù tó wà lápò rẹ̀ kọ́ mọ́gáàdì ọkọ̀ tí wọ́n fi ń rìn kiri níbẹ̀, ó sì já apá kan rẹ̀. Ó fi duct tape lẹ̀ ẹ́ padà. Ṣùgbọ́n eruku òṣùpá ti bo ojú rẹ̀, téèpù kò rí nǹkan gidi dì mú, ìgbà tí wọ́n sì rìn díẹ̀, ó tún jábọ́. Kí wọ́n tó jáde lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi téèpù lẹ máàpù mẹ́rin pọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú wọn, wọ́n sì fi irin tí wọ́n fi ń di iná mú há a mọ́ ibẹ̀. Ìyẹn ló dúró.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí gáùn. Bí o bá lẹ téèpù méjì mọ́ra, tí o wá ń fà wọ́n lóròó kí ọ̀kan lè yọ́ kúrò lórí èkejì, wàá làágùn, torí gbogbo ojú ibi tó lẹ̀ ló jọ ń gbé ẹrù náà. Àmọ́ bí o bá gbá etí rẹ̀ kan mú, tí o ń ṣí i, á máa bọ̀ wẹ́rẹ́, torí etí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nìkan ni gbogbo ìyà ń jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á jẹ́ kí etí téèpù kan gun èkejì láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì. Nígbà náà, ìwúwo aṣọ á máa fà á lóròó, kò ní máa ṣí i. Ibi tí ìjókòó ti ń ká aṣọ ló ń dójú tini: ìbàdí, ẹ̀yìn orúnkún, abẹ́ apá.

Iṣẹ́ náà kò yára. Orí bébà tó ń yọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lẹ téèpù sí, kí wọ́n tó fi abẹ gé òdòdó tàbí ewé jáde lára rẹ̀, wọ́n á sì máa fi spírítì nu ẹnu àlùmọ́gàjí lemọ́lemọ́ nítorí àtè tó ń dì mọ́ ọn. Gáùn kan tó lókìkí lọ́dún 2020, tí wọ́n fi àwòrán àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ṣe ọ̀ṣọ́ sí lára, gba rólù 41. Aṣọ fẹ́lẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà nínú, torí ọ̀rá kì í jẹ́ kí òógùn rí ọ̀nà jáde, ooru ara sì ń mú àtè rọ̀ sí i.

Ooru yìí ló sọ téèpù náà di ẹlẹ́yà níbi tí wọ́n ti fi ń pè é lórúkọ. Ducts ni àwọn pánù ràbàtà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná àti tútù ń gbà kọjá nínú ilé ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1998, Max Sherman àti Iain Walker ní ilé ìwádìí Lawrence Berkeley ní California dán oríṣiríṣi nǹkan tí wọ́n fi ń dí ojú ihò pánù wọ̀nyí wò. Duct tape ló já wọn kulẹ̀ jù. Bí wọ́n bá fa àtè yìí lójijì, á le. Bí wọ́n bá fà á jẹ́jẹ́ nínú ooru lóṣù dé oṣù, á yọ́ lọ. Ijó alẹ́ kan kò tó àkókò tí ìyẹn lè fi ṣẹlẹ̀.

Kò sì sẹ́ni tó ṣe é fún pánù níbẹ̀rẹ̀. Vesta Stoudt, ìyá àwọn ọmọ ológun ojú omi méjì, ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ohun ìjà kan ní Illinois lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n máa ń fi téèpù bébà dí ojú páálí ọta, wọ́n á fi etí rẹ̀ sílẹ̀ kí ológun lè fà á, wọ́n á sì ri páálí náà bọ ìda kí omi má wọ̀ ọ́. Etí bébà yẹn máa ń já. Ìyá yìí rò ó pé ọmọ òun lè wà lójú ogun, kó máa fi èékánná họ páálí nígbà tí ọ̀tá ń yìnbọn. Ó ní kí wọ́n fi aṣọ ṣe téèpù náà; àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò dá a lóhùn. Ní February 10, 1943, ó kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Roosevelt fúnra rẹ̀, ó sì ya àwòrán sí i. Lẹ́tà náà dé ọwọ́ àwọn tó ń bójú tó ohun èlò ogun, wọ́n fọwọ́ sí i, ilé-iṣẹ́ Johnson & Johnson sì ṣe téèpù náà, aláwọ̀ ewé bíi yúnífọ́ọ̀mù ológun. Àwọ̀ fàdákà dé lẹ́yìn ogun.

Ní ti owó, dọ́là 10,000 ni ẹ̀bùn àgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lójú tèmi, ilé-iṣẹ́ téèpù ló jèrè jù, torí ìpolówó tó ń lọ káàkiri ayé lọ́dọọdún kì í ṣeé rà níye bẹ́ẹ̀. N ò ní pè é ní ìrẹ́jẹ o. Ọmọ tó fi téèpù ṣe súùtù ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ. Ohun tó ń kọ mí lóminú wà ní fásitì. Àwọn fásitì kan ní Amẹ́ríkà, bí sikọ́láṣíìpù bá wọlé látìta, á yọ iye yẹn kúrò nínú ìrànwọ́ tí àwọn fúnra wọn fẹ́ ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ náà, owó tí ẹbí rẹ̀ máa san kò sì ní dín. Maryland ni ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣòfin ta kò ó nínú àwọn fásitì ìjọba rẹ̀, lọ́dún 2017. California tẹ̀lé e lọ́dún 2022, fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí já jẹ. Òbí Yorùbá tó wà ní Houston tàbí Chicago, tí ọmọ rẹ̀ ti ń kó rólù jọ, á dáa kó kọ́kọ́ pe ọ́fíìsì tó ń rí sí owó ìrànwọ́ ní fásitì tí ọmọ náà fẹ́ lọ, kó bi wọ́n bóyá wọ́n ń yọ ọ́.