Fífọ Fèrè Onídẹ Nílé: Ohun Tó Yẹ Kí Gbogbo Afọnfèrè Mọ̀

Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni ohun èlò tí mo yàn láàyò nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin wa. Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ni bí èèyàn ṣe lè fọn ohùn tó ga, tàbí bí ohùn ṣe lè dùn bíi ti Victor Olaiya. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń béèrè bí a ṣe ń fọ fèrè. Ìyẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ìlera wa, ó sì kan àpò wa.

Kí ló wà nínú fèrè?

Tí a bá na páìpù tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì tán, ó gùn tó mítà kan àti ààbọ̀. Afẹ́fẹ́ tí a ń fẹ́ sínú rẹ̀ kì í dá wọlé. Itọ́ ń bá a wọlé, àti èérún oúnjẹ tó ṣẹ́ kù sí ẹnu. Inú páìpù náà ṣókùnkùn, ó tutù, oúnjẹ sì wà níbẹ̀. Ibi tí kòkòrò àìfojúrí ń fẹ́ gan-an nìyẹn, àti irú ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Ní ọdún 2010, àwọn dókítà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tó ń jẹ́ Chest pé ọkùnrin kan tó ń fọn trombone ní Amẹ́ríkà wúkọ́ fún ọdún 15. Nígbà tí wọ́n yẹ fèrè rẹ̀ wò, wọ́n bá kòkòrò nínú rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ déédéé, ikọ́ náà lọ. Ní ọdún 2016, àwọn dókítà ní England náà kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tó ń fọn bagpipe, fèrè alápò tí a mọ̀ mọ́ àwọn ará Scotland. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bàjẹ́, ó sì kú. Èrò wọn ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó hù sínú fèrè náà ló fà á. Irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé lọ́dọ̀ wa, fèrè kan ṣoṣo lè yí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tí itọ́ ń ṣe sí idẹ

Bàbà àti síǹkì tí a yọ́ pọ̀ ni idẹ. Nínú idẹ tí a sábà fi ń ṣe fèrè, bàbà kó nǹkan bí ìdá 70 nínú 100, síǹkì kó ìyókù. Itọ́ àti ìdọ̀tí tó bá pẹ́ nínú páìpù máa ń jẹ síǹkì, bàbà nìkan ni yóò sì ṣẹ́ kù. Ẹ ó rí àmì pupa rúsúrúsú lára páìpù, tí àárín rẹ̀ lè dúdú. Láti inú ni ó ti ń jẹ bọ̀ síta, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè fi aṣọ nù ún kúrò. Tó bá yá, páìpù yóò lu. Tí ẹ bá fẹ́ ra fèrè tòkunbọ̀, páìpù tó tẹ̀ lé ibi ìfẹnusí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò dáadáa.

Lójoojúmọ́

Ẹ fi omi ṣan ẹnu kí ẹ tó fọn fèrè, pàápàá tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tàbí tí ẹ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Tí ẹ bá fọn tán, ẹ ṣí ihò omi, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i kí omi inú rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ tó rọ̀ nu gbogbo ara rẹ̀, nítorí òógùn ọwọ́ náà ń ba idẹ jẹ́.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Ẹ yọ ẹnu fèrè, ìyẹn ibi tí ètè ń kàn, kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré fọ inú rẹ̀. Tó bá há, ẹ má fi púláyà fà á, ẹ má sì fi òòlù lù ú. Àwọn tó ń tún fèrè ṣe ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ọ́.

Ní oṣù kan sí méjì: wíwẹ̀ fún gbogbo ara

1. Ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sí ìsàlẹ̀ báàfù ńlá kan, kí fèrè má bàa gbá a. Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, kí ẹ po ọṣẹ olómi díẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má lo omi gbígbóná, nítorí ó lè bó ohun tí wọ́n fi kun ara fèrè.

2. Ẹ yọ gbogbo páìpù tó ń fà jáde. Tí ẹ bá ń fa ti fáàfù kan, ẹ tẹ fáàfù náà mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà.

3. Ẹ yọ fáàfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ. Nọ́ńbà 1, 2 àti 3 máa ń wà lára wọn. Ẹ má rì wọ́n sínú omi, nítorí aṣọ tó wà lókè wọn kò gbọdọ̀ rin. Apá ìsàlẹ̀ tó ní ihò nìkan ni kí ẹ fọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ jẹ́jẹ́.

4. Ẹ rẹ ìyókù sínú omi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ wá ti búrọ́ọ̀ṣì gígùn tó ń tẹ̀ bí ejò gba inú páìpù kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo kànìnkànìn onírin rárá.

5. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan gbogbo rẹ̀, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ.

6. Ẹ fi gíríìsì ra àwọn páìpù tó ń fà, kí ẹ sì kán òróró fáàfù sára fáàfù. Ẹ dá fáàfù kọ̀ọ̀kan padà sí ojúbọ̀ rẹ̀, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jókòó. Tí ẹ bá fọn tí afẹ́fẹ́ kò kọjá, ẹ ti gbé fáàfù kan sí àyè ẹlòmíràn, tàbí kò tíì jókòó dáadáa.

Òróró àti ọsàn wẹ́wẹ́

Àlàfo tó wà láàárín fáàfù àti ilé rẹ̀ kéré sí ìnípọn irun orí. Ìdí nìyí tí òróró fáàfù fi ṣàn bí omi. Òróró tí a fi ń dín àkàrà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí tó bá pẹ́, yóò lẹ̀, fáàfù yóò sì há. Nígbà ọyẹ́, òróró máa ń tètè gbẹ, nítorí náà ẹ máa kán an léraléra. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, ẹ má ti fèrè tó tutù mọ́ inú àpótí.

Àwọn ìyá wa àgbà máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú dán idẹ, ó sì ń dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà idẹ nípọn, wọn kò sì kun nǹkan kan sí i lára. Ara fèrè kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ, púpọ̀ nínú wọn ló sì ní ohun kíkùn tó mọ́lẹ̀ bí gíláàsì tó ń dáàbò bò ó. Ọsàn, eérú àti ìpara ìdándẹ yóò ha ohun kíkùn yẹn dànù, idẹ yóò sì wà ní ìhòòhò. Aṣọ rírọ̀ ti tó.

Ibi tí agbára wa mọ

Tí fèrè bá tẹ̀ wọnú, tí ojú ìjó bá tú, tàbí tí fáàfù kò bá lọ lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ fèrè. Kì í ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, kì í sì í ṣe iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì bítà.

Ní ti fèrè àjùmọ̀lò ẹ̀ka wa, mo ní àbá méjì. Kí olúkúlùkù ní ẹnu fèrè tirẹ̀, nítorí ìyẹn kò wọ́n tó odidi fèrè. Kí a sì fi bébà kan sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá fọ̀ ọ́ kọ ọjọ́ tó fọ̀ ọ́ sí i. Ẹni tó bá gbé e tẹ̀ lé e yóò wá mọ ohun tó fẹ́ fẹnu sí.