Orúkọ Tí Ó Yẹ Àsopọ̀ Iná Tí Ń Gbọ́ Tí Ó Sì Ń Fèsì

1. Ìfáárà

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ ni ó rí fún ohun èlò tuntun: iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni ó yẹ kí onímọ̀ èdè-ìperí kọ́kọ́ wò, kí ó tó wo orúkọ tí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún un. Nínú ìmọ̀ iná mànàmáná, ohun kan wà tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní smart grid. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ ní olówuuru yóò pè é ní 'àwọ̀n ọlọ́gbọ́n'. Orúkọ yìí ṣi ènìyàn lọ́nà ní ọ̀nà méjì. Èkíní, àwọ̀n ni apẹja fi ń kó ẹja. Wáyà iná kì í kó nǹkan, ńṣe ni ó ń so ibùdó ìpèsè pọ̀ mọ́ ilé tí wọ́n ti ń lo iná. Èkejì, ọgbọ́n jẹ́ ti ẹ̀dá tí ó lè ro ohun tí ó dára àti èyí tí kò dára. Mítà kò ní irú rẹ̀. Ìrírí àwọn ará Bìrìtéènì, tí iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò, fi hàn pé 'àsopọ̀ iná agbọ́fèsì' ni ó bá nǹkan náà mu jù lọ.

2. Ìdọ́gba ìpèsè àti ìlò

Iná mànàmáná kò dà bí àgbàdo tí wọ́n lè kó sí àká di ọdún tí ń bọ̀. Lóòótọ́, bátìrì lè tọ́jú díẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná ni wọ́n ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà tí ẹ̀rọ ń pèsè rẹ̀. Nítorí náà, ìpèsè àti ìlò gbọ́dọ̀ dọ́gba nígbà gbogbo.

Iná tí ń wọ inú ilé kì í ṣàn sí apá kan ṣoṣo bí omi odò. Ó ń lọ, ó sì ń bọ̀. Ní Bìrìtéènì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Nàìjíríà, ìgbà 50 ni ó yẹ kí ó lọ kí ó sì bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. 'Iye àlọbọ̀' ni a bá pe ìwọ̀n yìí. Bí ìlò bá ju ìpèsè lọ, yíyí àwọn ẹ̀rọ ìpèsè a máa falẹ̀, iye àlọbọ̀ a sì dín kù. Bí ìpèsè bá ju ìlò lọ, iye àlọbọ̀ a lé sí i.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, àrá sán lu wáyà iná kan ní Bìrìtéènì. Kété lẹ́yìn èyí, ìpèsè já wálẹ̀ ní ibùdó onígáàsì tí ó wà ní Little Barford àti ní ibùdó ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ojú òkun tí a mọ̀ sí Hornsea. Iye àlọbọ̀ lọ sílẹ̀ dé 48.8. Kí gbogbo àsopọ̀ má baà dá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ gé iná oníbàárà tí ó lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹ̀rọ náà kò ní ọ̀nà láti béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá ó lè dá ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ dúró díẹ̀. Àdúgbò lódindi ni ó ń gé.

3. Àsopọ̀ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀

Láyé àtijọ́, ìlò ni ó máa ń ṣíwájú, ìpèsè a sì tẹ̀lé e. Bí àwọn ènìyàn bá dé láti ibi iṣẹ́ tí wọ́n gbé kẹ́tùlù kaná, ibùdó a fi èédú kún iná. Ṣùgbọ́n Ratcliffe-on-Soar, ibùdó oníèédú tí ó kẹ́yìn ní Bìrìtéènì, ti iṣẹ́ rẹ̀ pa ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Afẹ́fẹ́ ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà báyìí, afẹ́fẹ́ kì í sì í gbọ́ àṣẹ. Ó wá di dandan kí ìlò náà kọ́ bí a ti ń tẹ̀lé ìpèsè.

Ìgbìyànjú ti wà ṣáájú. Láti ọdún 1978 ni wọ́n ti ń ta iná ní ẹ̀dínwó fún wákàtí méje lóru lábẹ́ ètò kan tí wọ́n pè ní Economy 7. Ṣùgbọ́n àkókò tí wọ́n ti yàn sílẹ̀ ni ètò náà ń tẹ̀lé. Bí afẹ́fẹ́ fẹ́, bí kò fẹ́, wákàtí méje náà ni.

4. Mítà odi àti mítà agbọ́fèsì

Irú mítà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń sanwó sí sílẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ nọ́ńbà 20 sí. Ìka oníbàárà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ mítà náà. Nígbà tí ó di dandan láti tún àwọn mítà bẹ́ẹ̀ ṣe kí ó tó di ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwọn oníbàárà fúnra wọn ni wọ́n tẹ àwọn nọ́ńbà àtúnṣe náà. Mítà yìí ń gbọ́, ṣùgbọ́n kò ń fèsì.

Mítà tuntun ti Bìrìtéènì yàtọ̀. Ó lè ka ìlò ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìgbà 48 lójúmọ́, kí ó sì fi iye náà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó sì lè gba iye owó tuntun láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́. Àléébù kan yọjú lára ìran kìíní wọn. Bí onílé bá fi ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn mítà náà kò lè ránṣẹ́ mọ́; wọ́n ń ka ìlò bí ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n ojú ni wọ́n fi ń wò wọ́n kí wọ́n tó mọ iye rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè wọ́n ní dumb, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó dúró fún odi àti fún òmùgọ̀. Èdè Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀. Bí orúkọ mítà bá jẹ́ 'ọlọ́gbọ́n', òmùgọ̀ ni èyí tí ó bàjẹ́ yóò jẹ́, èyí kò sì tọ̀nà, nítorí ìṣirò rẹ̀ kò yingin. Bí ó bá jẹ́ 'agbọ́fèsì', odi ni yóò jẹ́, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ sí i gan-an nìyẹn.

5. Ìṣọ́nálò inú ilé

Èdè Yorùbá ní 'ṣún nǹkan lò', ó sì ní 'ṣọ́ nǹkan lò'. Ẹni tí ó ń ṣún iná lò ń dín in kù. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ lò ń wo ìgbà tí ó yẹ kí ó lò ó, bí iye rẹ̀ kò tilẹ̀ dín. Ní ìgbà òtútù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2022, àwọn alámòójútó àsopọ̀ ní Bìrìtéènì gbé ètò kan kalẹ̀ láti sanwó fún àwọn tí ó bá lè yẹra fún wákàtí àjọlò, èyí tí í ṣe àkókò tí gbogbo ilé ń lo iná pọ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó nítorí àìtó gidi, láti aago 5 sí aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ilé àti ilé iṣẹ́ tí ó kópa ní ìgbà òtútù náà tó mílíọ̀nù 1.6. Ẹni tí ó sún aṣọ fífọ̀ di aago 9 alẹ́ kò dín iná kù rárá, síbẹ̀ ó ran àsopọ̀ lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí 'ìṣọ́nálò' fi yẹ ju 'ìṣúnnálò' lọ.

Ẹ̀rọ náà lè ṣọ́ iná lò fún onílé. Òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ní kí ṣájà ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá tà fún ilé ti ní ètò tí kì í jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ láti aago 8 sí 11 òwúrọ̀ àti láti aago 4 ìrọ̀lẹ́ sí 10 alẹ́, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Kí gbogbo ṣájà má baà bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan a máa dúró fún ìwọ̀n àkókò tí ó yàtọ̀, tí ó lè tó ìṣẹ́jú 10. Ṣùgbọ́n òfin kan náà fún onílé ní àṣẹ láti yí ètò náà padà bí ó bá fẹ́.

Àṣẹ onílé yìí ni orúkọ tí kò tọ̀nà lè fi pamọ́. Ìròyìn ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lè fi hàn ìgbà tí àwọn ará ilé sùn, ìgbà tí wọ́n jí, àti ìgbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Nítorí irú èyí ni ilé aṣòfin àgbà ilẹ̀ Netherlands kò fi gbà ní ọdún 2009 kí mítà bẹ́ẹ̀ di dandan. Ní Bìrìtéènì, onílé lè sọ pé kí ilé iṣẹ́ dín iye ìgbà tí ó ń gba ìròyìn kù. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ọlọ́gbọ́n ni mítà rẹ̀ yóò fi gbogbo ọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sí agbọ́fèsì yóò béèrè ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀, àti ohun tí ó ń sọ nípa ilé òun.

6. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jẹ yọ

Àsopọ̀ iná: gbogbo wáyà àti ẹ̀rọ tí ó so ibùdó ìpèsè mọ́ ilé.
Àsopọ̀ iná agbọ́fèsì: àsopọ̀ tí ọ̀rọ̀ ń lọ tí ó sì ń bọ̀ nínú rẹ̀ láàárín olùpèsè àti olùlò.
Iye àlọbọ̀: iye ìgbà tí iná ń lọ tí ó sì ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.
Ìṣọ́nálò: wíwo àkókò àti ìwọ̀n kí ènìyàn tó lo iná.
Mítà agbọ́fèsì: mítà tí ń gba iṣẹ́ tí ó sì ń ránṣẹ́ padà fúnra rẹ̀.
Mítà odi: mítà tí ń ka ìlò ṣùgbọ́n tí kò lè ròyìn rẹ̀.
Wákàtí àjọlò: àkókò tí ìlò gbogbo ilé pa pọ̀ ga jù lọ.