Ọgbọ́n Ìrántí Nínú Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn

Iṣẹ́ ìṣègùn jẹ́ iṣẹ́ tí ìgbàgbé kò gbọdọ̀ bá rìn. Bí akọ̀wé bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, ó lè pa á rẹ́ kí ó sì tún un kọ. Ṣùgbọ́n bí oníṣègùn bá gbàgbé ohun tí ó yẹ kí ó ṣe, ẹ̀mí lè bá a lọ. Ohun tí ó sì ní láti mọ̀ kò kéré. Egungun 206 ni ó wà lára àgbàlagbà. Orúkọ ẹ̀yà ara, ti àrùn àti ti oògùn kò sì lóǹkà. Aláìsàn tí kò lè mí dáadáa mọ́ kì í dúró kí dókítà lọ ṣí ìwé. Nítorí náà, láti ayébáyé ni àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí ti ń wá okùn tí wọn yóò fi so ìmọ̀ mọ́lẹ̀, kí ó má baà sá lọ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìlò.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹnu ni àwọn oníṣègùn fi ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ láyé àtijọ́, kì í ṣe ìwé. Orúkọ ọ̀pọ̀ ewé fúnra rẹ̀ sì jẹ́ okùn ìrántí. Bí a bá fi ọwọ́ kan ewé patanmọ́, kíá ni yóò pa ara rẹ̀ dé, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó pa itan mọ́. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ kò ní ṣàìdá a mọ̀ nínú igbó. Abíwẹ́rẹ́ ni a ń lò fún aboyún, kí ó lè bí wẹ́rẹ́. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a tún ń pè ní Fátúnmbí, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ Ewé, tí ó jáde ní 1995, pé ìró kan nínú orúkọ ewé sábà máa ń bá ọ̀rọ̀ pàtàkì inú ọfọ̀ rẹ̀ mu. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ṣe ń fa ọfọ̀ jáde, tí ọfọ̀ sì ń fa iṣẹ́ ewé náà jáde.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn náà mọ̀ pé ohun tí ó bá dùn létí kì í tètè kúrò lọ́kàn. Ibn Sina, ògbóǹtarìgì oníṣègùn ọmọ Páṣíà tí ó kú ní 1037, kọ ewì kan ní èdè Lárúbáwá, tí ìlà rẹ̀ lé ní 1,300, láti fi kó ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìgbà ayé rẹ̀ jọ. Ìlú Salerno ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn olókìkí kan wà, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe ewì Látìnì kan tí ó ń kọ́ni nípa oúnjẹ, oorun àti ìtọ́jú ara. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni ewì náà fi wà lẹ́nu àwọn ará Yúróòpù.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn òde òní a máa lo nọ́ńbà àti lẹ́tà. Eyín 32 ni ó wà lẹ́nu àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ pé. Ó ṣòro láti to gbogbo wọn sórí, ṣùgbọ́n bí a bá pín ẹnu sí ọ̀nà mẹ́rin, ìlànà kan náà ni a óò rí: eyín ìgéǹkan 2, eyín ṣóńṣó 1, eyín ìlọǹkan kékeré 2 àti ńlá 3. Ẹni tí ó bá rántí 2, 1, 2, 3 ti rántí gbogbo rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọkàn ènìyàn kì í lè gba ẹrù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n bí a bá dì í ní ìdì kéékèèké, tí a sì so tuntun mọ́ ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, yóò rù ú láìkáàárẹ̀.

Síbẹ̀, okùn kì í ṣe ewúrẹ́ tí a fi so. Ẹni tí ó di okùn mú, tí kò sí ewúrẹ́ ní ìdí rẹ̀, kí ni yóò rí tà lọ́jà? Oríṣi iṣan ìmọ̀lára 12 ni ó ti inú ọpọlọ jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa mú lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọn a sì fi hun gbólóhùn apanilẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lẹ́tà O ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ mẹ́ta àkọ́kọ́. Èkíní wà fún gbígbọ́ òórùn, èkejì fún ìríran, ẹ̀kẹta sì ń yí ẹyinjú. Ẹni tí ó mọ gbólóhùn náà nìkan lè wo ojú nígbà tí ó yẹ kí ó yẹ imú wò.

Ewu kejì tún ju èyí lọ: okùn kì í bi ohun tí a fi í so léèrè bí ó bá dára tàbí kò dára. Ewì Salerno kọ́ni bí a ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ lára ènìyàn nítorí ìlera, àṣà náà kò sì tètè parẹ́. Nígbà tí dókítà Pierre Louis ní ìlú Paris fara balẹ̀ ṣírò ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó ní òtútù àyà, ó fi hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1835 pé àǹfààní àṣà náà kéré púpọ̀ sí ohun tí a ti rò. Bákan náà, orúkọ abíwẹ́rẹ́ ń sọ ohun tí àwọn baba ńlá ń fi ewé náà ṣe. Kò jẹ́ ẹ̀rí pé kò lè pa aboyún lára. Àyẹ̀wò ni ó lè fi ìyẹn hàn.

Bí a bá wá so okùn mọ́ òtítọ́, ó lè gba ẹ̀mí là. Ní 1998 ni àwọn oníṣègùn ní Bìrìtìkó ṣe àkójọ àwọn àmì àrùn rọpárọsẹ̀ òjijì, tí a ń pè ní sítíróòkù, sínú ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí "kíákíá". A lè fi Yorùbá sọ ọ́ báyìí: ojú wọ́, apá rọ, ọ̀rọ̀ lọ́, àkókò ń lọ. Kí a ní kí ẹni náà rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan wọ́? Kí ó na apá méjèèjì sókè; ṣé ọ̀kan ń jábọ́? Kí ó sọ̀rọ̀. Ṣé ahọ́n rẹ̀ ń lọ́? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn lẹ́sẹ̀ kan náà, nítorí pé apá kan nínú ọpọlọ kò rí ẹ̀jẹ̀ gbà mọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó dí ọ̀nà, oògùn tí ń yọ́ ọ wà, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 4 ààbọ̀ àkọ́kọ́ ni a sábà máa ń lò ó.

Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ sáré kò ní fi aláìsàn sílẹ̀ dòwúrọ̀. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀, kí òye rẹ̀ sì yé e; lẹ́yìn èyí ni kí ó tó so ó mọ́ okùn. Ìmọ̀ tí a bá so báyìí kì í já síni lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìnira.